Ọ̀gbẹ́ni Tó Wá Kọ́ Wa Lórin Ìbànújẹ́

Lọ́fíńdà àti àbẹ́là ló máa ń ta sánsán nínú gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ore, àfi bí afẹ́fẹ́ bá gbé èéfín tírélà wọlé láti títì márosẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni kan láti Èkó ti wá kọ́ wa ní orin bùlúùsì lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Ọ̀rẹ́ mi, o ò bá rí i! Gíláàsì dúdú ló wọ̀ nínú ilé, bí ẹni pé oòrùn ń tẹ̀ lé e kiri, ó sì ń yínmú sí àbẹ́là wa.

Kí n má parọ́, ìtàn rẹ̀ dùn. Ó ní ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ló dá orin náà sílẹ̀ láti inú oko òwú. Wọ́n gba òmìnira, ìyà ò tán, ni wọ́n bá gbé gìtá. Ẹni kan á lé orin, gìtá á gbè é, bí àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣe níbí.

Ìyá kan láti Ajue jókòó tì mí. Ọ̀kadà ló pa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lóṣù tó ṣáájú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, wọn ò jẹ́ kó fojú kan ibojì ọmọ náà, gbogbo wa sì ń sọ fún un pé kó má sunkún. Kò sì sunkún lóòótọ́. Kò jẹun, kò bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá pé ìbànújẹ́ náà yóò gbé e lọ.

Ọ̀gbẹ́ni tẹ orin kan nínú ẹ̀rọ tó gbé wá. Obìnrin kan nínú orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kérora lédè tí a ò gbọ́. Nínú ìjọ wa, a kì í dákẹ́ wo ẹni tó ń kérora. Bó ti ń fa ohùn là ń gbè é: "Jésù, gbọ́!" Àfi bí ìyá Ajue ṣe wólẹ̀ lórí eékún. "Ọma mi o!" ló fi èdè ìlú rẹ̀ ké pe ọmọ rẹ̀, omijé sì dé.

Ọ̀gbẹ́ni pa orin náà.

"Ẹ dákẹ́! Ìsọjí kọ́ nìyí! Ẹ fetí sílẹ̀ bí ọmọlúàbí!"

Ẹ gbọ́ ẹnu alákọ̀wé! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé gbígbè fún wa ló ń bínú pé a gbè. Àwa obìnrin yí ìyá náà ká, a ń bá a fa ohùn lọ láìsí ẹ̀rọ, ó sì sunkún títí èjìká aṣọ funfun mi fi rin gbingbin.

Nígbà tó ṣe, ọ̀gbẹ́ni sún mọ́ wa, ó na fóònù síwájú.

"Màmá, ohùn yín mà dùn o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ké, kò wọ inú fóònù dáadáa."

Èébú ti kún ẹnu mi, àmọ́ ìyá náà ló ṣáájú mi.

"Ṣé kí ọma mi tún kú ni?"

Títí dòní, bí mo bá rántí ọ̀gbẹ́ni yẹn, mo máa ń pòṣé. Ṣùgbọ́n bí mo bá lọ kí ọlọ́fọ̀ báyìí, mi kì í sọ fún un mọ́ pé kó má sunkún. Màá jókòó tì í, kó sunkún tẹ́rùn.