Ife Kọfí Màmá Nígbà Ọyẹ́

Tí ọyẹ́ bá ti mú ní àdúgbò wa ní Alágbàká báyìí, tí mo sì da atalẹ̀ àti kànáfùrù tí mo gún sínú kọfí gbígbóná, òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí n dúró sí Àkúrẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ìyá ìyá mi ní Oǹdó ló ń gbé mi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Oòrùn ń ràn bàìbàì, eruku bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ètè mi ti là. Màmá bu kọfí láti orí iná èédú sínú ife tánganran rẹ̀, ó gbé e sí imú, ó di ojú, ó fa òórùn náà títí. Lẹ́yìn náà ló na ife sí mi.

"Ará Àkúrẹ́, bá mi tọ́ ọ wò."

Inú mi dùn. Àgbà kì í jẹ àjẹìwẹ̀yìn, mo sì mọ̀ pé ọmọ ló ni ìṣẹ́kù ife. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ife kún dẹ́múdẹ́mú.

"Atalẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó tó, Màmá. Ó ta mí lọ́fun."

Mo gbé e padà fún un. Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín.

"Mu ún tán. Tí o bá ti mu ún, èmi náà mu ún nìyẹn."

Mo rò pé ó ń kẹ́ mi ni. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ń dí láti ìgbà òjò, tí omi lásán pàápàá ń nira fún un láti gbé mì.

Èmi náà ti di àgbà, ṣùgbọ́n n kì í ṣẹ́ kọfí kù sínú ife.