Ẹran Ara Màmá Nínú Kúlà

Iṣẹ́ mi kò rọrùn láti ṣàlàyé fún àna. Mo máa ń sọ pé nọ́ọ̀sì ni mí, kí ọ̀rọ̀ lè parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń ṣe gan-an ni pé mo ń bẹ àwọn obìnrin kí wọ́n fún wa ní ẹran díẹ̀ láti ẹnu ilé-ọmọ wọn, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, kí àwọn olùwádìí lè mọ bí jẹjẹrẹ ibẹ̀ ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn níbi ìkómọ, kí ẹ wá wo ẹni tí yóò tún jókòó tì yín.

Lọ́jọ́ kan, èmi àti dókítà wa obìnrin lọ láti Ọ̀wọ̀ sí Ute láti yẹ àwọn obìnrin wò. Màmá àgbẹ̀ kan wọlé, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ó ní òun ń rí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ti gbàgbé nǹkan oṣù tipẹ́. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí ibì kan tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní òun máa gé díẹ̀ fún àyẹ̀wò, bí Màmá bá sì gbà, a ó mú díẹ̀ sí i fún ìwádìí. Mo mú fọ́ọ̀mù jáde.

"Màmá, kò pọn dandan o. Bí ẹ ò bá gbà, a ó ṣì tọ́jú yín."

"Níbo lẹ ń gbé e lọ?"

"Ọ̀wọ̀ ló máa kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà, Ìbàdàn."

"Ìbàdàn! Èmi fúnra mi ò dé Ìbàdàn rí." Ó ronú díẹ̀. "Inú kí ló máa wà níbẹ̀?"

"Fíríìjì."

"Tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?"

Ojú ewé mẹ́fà ni fọ́ọ̀mù náà, kò sì sí ọ̀rọ̀ iná níbì kankan nínú ẹ̀. Mo ní wọ́n ní jẹnẹrétọ̀.

"Tí epo bá tán?"

"Wọn ò ní jẹ́ kí epo tán, Màmá."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo olóṣèlú. "Orúkọ mi máa wà lára ẹ̀?"

"Rárá, nọ́ńbà ni."

"Ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn o. Mi ò mọ irú ìwà tí tiwọn ní." Ó tẹ ìka sí fọ́ọ̀mù.

Nígbà tí a ṣe é tán, dókítà ní kó wá sí Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kejì fún àyẹ̀wò mìíràn. Màmá ní ọmọ òun obìnrin ń gbé Ọ̀wọ̀, òun kúkú máa bá ẹran òun lọ lónìí. Àwọn obìnrin ṣì pọ̀ lórí ìjókòó, nítorí náà dókítà dúró, èmi àti Màmá wọ ọkọ̀ èrò. Mo gbé kúlà tí ẹran náà wà nínú ẹ̀ lé itan.

Oòrùn mú. Ọkùnrin kan tó jókòó níwájú yíjú padà. "Àǹtí, ẹ ta kóòkì kan fún mi nínú kúlà yẹn."

"Kò sí nǹkan mímu níbẹ̀, sà."

"Yúgọ́ọ̀tì ńkọ́?"

Kí n tó lanu, Màmá ti dáhùn. "Èmi ni mo wà níbẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ jókòó yìí?"

"Èyí tó kù lára mi ló jókòó. Wọ́n ti gé díẹ̀ sínú kúlà."

Dírẹ́bà tẹ bíréèkì. Kí ọkọ̀ tó dúró, ọkùnrin yẹn ti wà nínú igbó pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Mo fa káàdì iṣẹ́ mi yọ. Dírẹ́bà ní gbogbo afiniṣowó ló ní káàdì, ká sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ ohun tí èrò lè ṣe sí ẹni tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀.

Màmá ni kò sọ̀kalẹ̀. "Ṣé obìnrin ló bí ọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Ibi tí o gbà wáyé yẹn ni wọ́n ti mú tèmi. Ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé kí n júwe ẹ̀?"

"Màmá, ó tó!" Ó di etí. Ó tún ṣáná sí ọkọ̀. Ọkùnrin inú igbó padà wá, ó ní òun kàn fẹ́ tọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè bàtà kejì. Nígbà tí a fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, dírẹ́bà rọra bi mí pé ọjọ́ wo ni òun lè mú ìyàwó òun wá fún àyẹ̀wò.

Nígbà tí èsì dé, jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà. Mo jókòó tì í. Màmá di ọwọ́ mi mú, ó wá bi dókítà bóyá òun lè gbin iṣu kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Dókítà ní rárá. Màmá ní ilá ńkọ́? Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà, ara ẹ̀ sì yá.

Ìgbà tí a tún lọ sí Ute, ó kó obìnrin mẹ́rin wá láti oko, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. A bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, pé ọ̀rọ̀ àṣírí ni, kò gbà. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jáde ló ń kígbe pé, "Ṣé wọ́n rí nǹkan?" Wọn ò rí nǹkan kan lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo àdúgbò sì ti gbọ́ kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀.