Ògbufọ̀ Tó Mọ Apànìyàn Tí Kò Sọ

Òórùn ẹ̀pà yíyan ló máa ń gbé mi padà sí ẹnu ọ̀nà ilé sinimá ní Tamale, ní àríwá Ghana, níbi tí mo ti ń ta ẹ̀pà nígbà tí mo wà lọ́mọge. Bàbá mi kò gbà kí ọmọbìnrin òun wọlé síbẹ̀, nítorí náà etí ni mo fi ń wo sinimá. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn òyìnbó ojú aṣọ funfun ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin kan máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Hausa tí gbogbo wa gbọ́. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, àdúgbò Lamashegu ní Tamale níbẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ohùn rẹ̀ á fo ògiri wá bá mi. Ẹ lè rẹ́rìn-ín o: mo ti fẹ́ràn ohùn kí n tó rí ojú ẹni tó ni ín.

Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ wá tọrọ mi, bàbá mi, tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà, ní ẹnu ni ọmọ náà fi ń ṣiṣẹ́, òun á kọ́kọ́ lọ gbọ́ ẹnu ọ̀hún ná. Ó wọ agbádá, ó lọ jókòó síwájú.

Sinimá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, dúdú àti funfun, kò sí àwọ̀ mìíràn. Wọ́n pa ọlọ́rọ̀ kan sínú ilé rẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dé fìlà, tó ń mu sìgá, wá ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu gbogbo ará ilé. Dókítà kan wà níbẹ̀ tó sunkún ju ìyàwó olóògbé lọ, tó ń di àwọn arúgbó lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi láti ìta: "Ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn! Kí Ọlọ́run fi irú rẹ̀ ta wá lọ́rẹ!"

Dókítà yẹn ló pa á.

Ẹ̀rín tí wọ́n fi bàbá mi rín bá a délé. Kò jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ránṣẹ́ pe ògbufọ̀. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo tẹ́tí sí wọn.

"Ṣé o ti mọ apànìyàn náà látìbẹ̀rẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Mo ti wò ó rí."

"O wá jẹ́ kí n máa ṣàdúrà fún un? Haba! Ẹni tó mọ apànìyàn tí kò sọ, ṣé òun ni n óò fún lọ́mọ?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Bí mo bá sọ, sinimá ti parí nìyẹn."

Bàbá lé e jáde. Mo sunkún títí ẹ̀pà fi jóná lójú mi. Ìyá mi ló dá sí i: "Bàbá ọmọ mi, gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Ẹni tó lè pa ẹnu mọ́ báyìí, àṣírí ilé ọmọ yín kò ní tú." Bàbá gbé abọ́ rẹ̀, ó gba ọjà lọ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún gbé sinimá náà padà wá, ó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ olóbì dání, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Kumasi dé, tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Olóbì rí dókítà, ó ní, "Wo ọmọlúàbí!" Bàbá mi ní, "Ọmọlúàbí pátápátá ni," ó sì ki etí agbádá bọ ẹnu kí ẹ̀rín má baà tú u fó. Omijé ẹ̀rín ló fi wọlé bá ìyá mi: "Àṣé ó dùn báyìí! Ẹ ní kí ọmọkùnrin yẹn kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà wá."

Títí tí ọkọ mi fi fi ayé sílẹ̀, kò sọ ìparí sinimá kankan fún mi rí. Bí mo bá bẹ̀ ẹ́, á ní, "Jẹ ẹ̀pà rẹ." Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí máa ń ṣí sinimá fún mi lórí fóònù rẹ̀, ẹnu á sì máa yún un láti sọ bó ṣe parí. Èmi á fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàdúrà fún apànìyàn náà ná.