Àáró Ẹ̀jẹ̀ Ògúntúyì

Ògúntúyì ará Ìrókò kò bẹ̀rù paramọ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ nìkan ló ń bẹ̀rù. Àgbẹ̀ iṣu ni, alágídí paraku, aáṣáà kì í sì í kúrò lábẹ́ ètè rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ohun funfun kan wá lẹ̀ mọ́, bí ẹ̀kọ tó gbẹ mọ́ ewé. Àbíkẹ́ ìyàwó rẹ̀ rí i, àyà rẹ̀ já, ó fà á lọ sí ọsibítù n'Íbàdàn. Dókítà ní irú rẹ̀ lè di jẹjẹrẹ ẹnu. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́rú kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò.

Ọkùnrin yìí délé, ó ronú. Fárìndé, aládùúgbò rẹ̀ lóko, jẹ ẹ́ ní àáró ọjọ́ kan. Ó ti bá a kọ ebè, Fárìndé kò tíì wá kọ tirẹ̀. Kí ló wá burú bó bá fi ẹ̀jẹ̀ san án?

"Ẹ̀gbọ́n, ebè ni mo jẹ yín o, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

"Èwo ló rọrùn jù? Ìjókòó lásán ni ti ẹ̀jẹ̀."

Òótọ́ ni, ebè kì í ṣeré. Fárìndé lọ, ó jẹ́ orúkọ Ògúntúyì. Dókítà mìíràn ló bá níbẹ̀. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó lanu, wọn kò rí funfun kankan. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, ara rẹ̀ le koko.

Ògúntúyì gbọ́, ó jó yí ilé ká, ó bu aáṣáà ńlá sẹ́nu. Orí ayọ̀ yìí ni Àbíkẹ́ bá òun àti Fárìndé.

"Ẹ lanu kí n wò ó."

Funfun náà ti fẹ̀ sí i. Fárìndé ò dúró kí wọ́n bi í, ó jẹ́wọ́. Inú bí obìnrin náà, ó sì bú sẹ́kún.

"Bàbá Títíladé, bí jẹjẹrẹ bá dé, ṣé Fárìndé náà ni yóò bá yín kú? Mi ò ṣe tán láti di opó nítorí tábà!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ògúntúyì lára. Ó lọ sí ọsibítù fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, Àbíkẹ́ sì tẹ̀ lé e. Bí abẹ́rẹ́ ṣe yọ, ó di ìró Àbíkẹ́ mú, ó pariwo, "Fárìndé ooo!" Àgbà tí ń pa paramọ́lẹ̀! Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gé díẹ̀ lára funfun náà lọ yẹ̀ wò. Nígbà tí wọ́n padà lọ gba èsì, dókítà ní kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n bí kò bá jáwọ́ nínú tábà, ibẹ̀ náà ló ń lọ.

Nínú lọ́rì, bí wọ́n ti ń padà sílé, ó nawọ́ síta, ó da aáṣáà tó kù nù. Atẹ́gùn kó gbogbo rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Láti Ṣáṣá títí dé Akínyẹlé ni awakọ̀ àti èrò ń sín, wọ́n ń bú Ògúntúyì tìyátìyá. Àbíkẹ́ náà ń sín, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa bú wọn lọ," ló ń wí. "Alààyè lẹ̀ ń bú."