Ìwé Ìwọ̀n Mi Tí Wọ́n Fi Tú Àṣírí Oníbàárà Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà, ẹni tọ́rọ̀ yìí bá bá wí, kó gbà á bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ni mo ń rán ní Sábó, l'Ékòó. Ọdún kẹrìnlá rèé. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Tí ẹ bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sísàlẹ̀ ibí yìí o!

Téèpù kì í parọ́. Nígbà tí àǹtí yìí wá rán gáùn mẹ́ta, ikùn rẹ̀ tó jẹ́ ínǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́rìndínlógójì. Mo gbójú sókè, ó sì di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ìyá ọkọ òun gan-an ò tíì gbọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń wá ọmọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀. Ó fẹ́ kí gáùn náà fẹ̀ dáadáa kí àwọn tó ń wò ó lálaalẹ́ má baà fura. Mo ní ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ọkọ mi gan-an ò gbọ́!

Ẹ wá wo ìwà òmùgọ̀ tí mo hù. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, mo ra léèsì tuntun, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo ṣe fídíò kékeré, mo gbé e sórí status mi kí àwọn oníbàárà lè rí i. Ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n sí wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì. Ojú ewé ti àǹtí yìí ni, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lókè, ìwọ̀n àtijọ́ tí mo fa ìlà lé lórí, ìwọ̀n tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "fi àyè sílẹ̀ fún ikùn"! Léèsì ni mo ń wò, mi ò wo ìwé.

Ẹnì kan wo ìwé. Arákùnrin kan tó ní bulọ́ọ̀gì ni, ọ̀dọ̀ mi ló ti rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀, nọ́ńbà mi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yọ fọ́tò ìwé náà, ó fi ìlà pupa yí ìwọ̀n ikùn ká, ó wá kọ ọ́ pé: "Ikùn Ń Yọ! Ta Ló Ni Oyún?" Obìnrin tó wà nílé ọkọ! Irú ìbéèrè wo nìyẹn?

Kó tó di ọ̀sán, ó ti gba ìgboro kan. Èyí tó dùn mí jù ni ti rédíò. Láti ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò mi ni mo ti ń gbọ́ olóòtú tó ń kà á tẹ̀rín-tẹ̀rín, tó ní kí àwọn olùgbọ́ pè wọlé kí wọ́n sọ iye oṣù tí wọ́n rò pé oyún náà jẹ́. Àwọn tó lọ sílé ìwé lọ kọ́ṣẹ́ ìròyìn!

Mo pe arákùnrin náà. Ó ní kí n máa ṣe sùúrù, pé public figure, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, ni obìnrin náà, aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀. Mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Tó bá jẹ́ pé ó kówó ìlú jẹ ni, kọ ọ́, èmi náà á bá ẹ pín in káàkiri. Ṣé inú ikùn rẹ̀ ni owó ìlú wà ni?" Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Mo lọ sí Sùúrùlérè, mo kúnlẹ̀ ní pálọ̀ àǹtí náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ lejú koko, ó ní ẹnu àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ-ọmọ òun, àbí? Àǹtí náà ò bá mi jà. Ó kàn sọ fún mi pé, "Àǹtí Bísí, ṣé ẹ ò lè pa ìwé yẹn dé ni?" Ó sàn kó gbá mi létí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gbé gáùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ó ní kí n bá òun dín wọn kù. Mo na téèpù. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo ká téèpù náà. Àwa méjèèjì kàn ń sunkún ni.

Mi ò sọ pé bulọ́ọ̀gì ló fà á o, Ọlọ́run ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó sunkún lé lórí nínú yàrá rẹ̀, gbogbo Èkó ló ń bá a ka oṣù rẹ̀!

Lọ́jọ́ kejì, arákùnrin oníbulọ́ọ̀gì yẹn ló wá pè mí. Ó kí mi dáadáa, "Ẹ káàsán mà." Ó ní àwọn kan ń sọ pé ikùn ti lọ, ṣé mo lè fún òun ní ìwọ̀n tuntun? Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí. Ohun tí mo sọ fún un ò ṣeé kọ síbí. Mo kàn mọ̀ pé aládùúgbò mi pa rédíò rẹ̀ kó lè gbọ́ mi dáadáa.

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ máa tọpinpin iṣẹ́ tí àwọn gbajúmọ̀ ń ṣe fún ìlú, ẹ fi ara wọn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin onídìrí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ohun tí a mọ̀ nípa ara oníbàárà, tiwọn ni, kì í ṣe tiwa. Èmi náà jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ òṣèré kan síta lọ́dún tó kọjá, mo pín in, mo tún fi ẹ̀rín sí i.

Orúkọ ò sí nínú ìwé mi mọ́ báyìí, nọ́ńbà nìkan ni. Ojú ewé ti àǹtí náà, mo ṣẹ́ ẹ po, mo fi abẹ́rẹ́ rán an pa. Kí n tó gbé èyí síta, mo kà á fún un lórí fóònù. Ó ní kí n yọ nǹkan méjì kúrò, mo sì yọ wọ́n.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ ilé yín síta rí, àbí ẹ̀yin lẹ gbé tẹlòmíì? Ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀, ẹ má ṣáà dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tí ẹ bá sì wo ìròyìn lálẹ́ òní, tó bá jẹ́ obìnrin ló ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ojú rẹ̀ ni kí ẹ máa wò.