Èkùrọ́ Tó Gé Mi Lẹ́sẹ̀

Bí mo bá gbóòórùn epo tuntun lọ́jà Ìlútítun, àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mi a bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí.

Ìgbà tí mo wà lọ́mọdé ló bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ kẹta tí wọ́n ṣá baálẹ̀ wa pa. Àwọn ọlọ́pàá ń wá àdá tí wọ́n fi ṣá a kiri. Wọ́n wo inú kànga, wọ́n tú àjà. Èmi àti ìyá àgbà wà nínú ẹkù, kòtò tá a ti ń ṣe epo, à ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tá a sè, omi epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mù mí dé orúnkún. Bàbá mi, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá àgbà bí, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò gbójú sókè.

Nǹkan gé mi nísàlẹ̀. Mo kígbe. Ìyá àgbà di apá mi mú pinpin.

Ọlọ́pàá kan sún mọ́ etí ẹkù. “Kí ló ṣe ọmọ yìí, màmá?”

“Èkùrọ́ ló gún un.” Ó yíjú sí mi. “Máa tẹ̀ ẹ́ lọ.”

Ọlọ́pàá wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó sì kọjá.

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé èkùrọ́ kì í dá irú àpá gígùn yìí síni lẹ́sẹ̀.

Epo ọjọ́ náà ni ìyá àgbà fi se ọbẹ̀ ìsìnkú baálẹ̀. Èmi ni mo gbé e lọ fún àwọn ọmọ baálẹ̀, wọ́n sì ní ó dùn.