Aṣọ Tó Wà Lára Omi Dídì

Kí obìnrin yìí tó di ẹnjiníà tó ń fi sátẹ́láìtì wo orígun ayé, ìdí òṣùwọ̀n ọmọ ìkókó ló ti kọ́kọ́ mọ ìṣirò. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tó ní bẹ́ǹṣì gígùn méjì àti fèrèsé tí kì í pa dé dáadáa. Bí ilé ìwé bá ti parí, ọmọ náà á lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, á máa bá a kọ ìwọ̀n àwọn ọmọ sínú ìwé. Lásìkò òtútù, àwọn ìyálọ́mọ kì í fẹ́ bọ́ aṣọ lára ọmọ wọn. Nọ́ọ̀sì á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n tòun taṣọ, á wá wo ọmọ tirẹ̀ lójú.

"Aṣọ ńkọ́?"

"Mo ti yọ ọ́, Màámi."

"Mélòó lo yọ?"

Ìgbà tó bá dáhùn tán ni ìyá rẹ̀ tó máa ní kó kọ ọ́ sílẹ̀. "Má fi aṣọ kún ọmọ," ni ìyá náà máa ń wí. "Ọmọ tó ń rù, aṣọ ló máa bá a purọ́ pé ó sanra."

Ó dàgbà, ó kàwé, ó sì ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tó ń ya àwòrán òkun tó máa ń dì ní orígun ayé. Ṣé òun fúnra rẹ̀ débẹ̀ rí? Kò débẹ̀ rí. Àjà kẹta ni yàrá rẹ̀ wà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì àti àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí wọ́n fi páálí tì lábẹ́. Sátẹ́láìtì á kọjá lókè, á ju ìmọ́lẹ̀ sísàlẹ̀, á sì ka bó ṣe pẹ́ tó kí ìmọ́lẹ̀ náà tó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni obìnrin yìí ti ń mọ bí omi dídì ṣe yọrí tó lójú òkun, tí yóò sì fi ṣírò bó ṣe nípọn tó. Torí pé èyí tó pọ̀ jù lára rẹ̀ wà lábẹ́ omi, ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá yọrí lókè, ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀ ló máa ń já sí nínú ìṣirò. Ṣùgbọ́n yìnyín máa ń bọ́ sórí omi dídì náà, á sì bò ó bí òwú. Ojú tó wà lókè kò mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò bá yọ yìnyín kúrò nínú ìṣirò, omi dídì tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò máa pè ní èyí tó nípọn.

Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún un, ẹ̀rín pa á.

"Kí ló dé?"

"Aṣọ ọmọ ni, sà."

Ó ṣàlàyé fún un. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń pè é ní Ìyá Ìkókó, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì bí ọmọ kankan nígbà náà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ló fi ń bọ́ aṣọ lára omi dídì. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí omi dídì náà kì í gba ibi tí kò bá fọwọ́ sí kọjá.

Ní ọdún kejìlá, àìsàn dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ bá ibùdó tó ń gba ohun tí sátẹ́láìtì bá fi ránṣẹ́ ṣèpàdé. Wọ́n fẹnu kò pé ibùdó ni yóò máa yọ yìnyín kúrò kó tó fi ìṣirò ránṣẹ́. Obìnrin náà jókòó sípàdé, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lẹ́bàá ibùsùn ìyá rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tú ká, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó pa ìlà ìṣirò tó ń yọ yìnyín rẹ́, ó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Kò bèèrè ọjọ́ tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje lẹ́yìn náà ni ibùdó tó bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méje, oníkálukú gbà pé ẹnì kejì ti bọ́ aṣọ ọmọ, ọmọ sì wà nínú aṣọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méje náà ni katakata ńlá kan tó ń fa ẹrù gba ojú ọ̀nà orí omi dídì já wọnú òkun. Wọ́n rí awakọ̀ rẹ̀ fà yọ, ṣùgbọ́n òtútù ti jẹ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́ta. Àwọn olùwádìí wo àwòrán: omi dídì ojú ọ̀nà náà nípọn tó mítà kan àbọ̀. Wọ́n ní kò lè já, àfi tí awakọ̀ bá yà kúrò lójú ọ̀nà. Awakọ̀ ní òun ò yà. Wọ́n kọ ọ́ pé ó yà, wọ́n sì dá a dúró níṣẹ́. Ìyá Ìkókó ló buwọ́ lu ìwé tó sọ pé àwòrán kò ní àléébù.

Ara ìyá rẹ̀ yá. Ọdún kan kọjá. Ọ̀gá ń múra àtifẹ̀yìntì, wọ́n sì ti sọ fún obìnrin yìí pé òun ló máa jókòó sórí àga rẹ̀. Ó wá ń to àwọn ìwé àtijọ́ jọ, ló bá rí i pé omi dídì sanra lójijì, ó sanra fún ọ̀sẹ̀ méje, ó sì tún rù lójijì. Òkun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wo ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ ìpàdé yẹn ni, ọjọ́ tó pa ìlà rẹ́. Ó yọ yìnyín kúrò, ó tún un ṣírò. Ibi tí katakata já sí kò pé ìdajì mítà.

Ó gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti ẹ̀yin, sà."

"Ọkùnrin yẹn ò kú."

"Kò kú, sà. Wọ́n ní òpùrọ́ ni."

"Bó o bá kọ èyí, o ò ní jókòó síbí yìí. O mọ̀?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ọ̀rọ̀ tó ti sùn, kí la tún fẹ́ jí i fún?" Ó ti ìwé náà padà sí i. "Lọ rò ó, Ìyá Ìkókó."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rò ó. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a; wọn ò sọ ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rin ìrìn ọjọ́ kan yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó lọ sílé ìyá rẹ̀, ó bá a níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Màámi, ẹ wọn ọmọ ṣì rí?"

"Ẹ̀ẹ̀kan."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo rìn lọ sílé wọn. Ìyá ọkọ ìyálọ́mọ bú mi bí ẹni láyin. Ó bú mi tán, mo tún ọmọ náà wọ̀n." Ó na aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po. "Ìwọ, ọmọ ta lo wọ̀n ṣì?"

Ìyá rẹ̀ fi etí aṣọ kejì lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun fà á.

Ó kọ àṣìṣe náà sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sáwọn olùwádìí. Wọ́n gbé àga náà fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ní kó máa yẹ ìṣirò àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun wò. Kò sẹ́ni tó pè é ní Ìyá Ìkókó mọ́, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè. Ìyẹn dùn ún ju àga lọ. Nígbà tí ìwé tó wẹ awakọ̀ mọ́ jáde, ó ní kí wọ́n má fi ránṣẹ́, òun á gbé e lọ.

Ilé ìtúnkẹ̀kẹ́ṣe ló ti bá awakọ̀ náà, ó ń tún táyà lẹ̀. Ó ń tiro díẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mo ṣírò omi dídì tó já mọ́ yín nídìí."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́, ó gba ìwé, ó kà á lórí ìdúró. Ó tún un kà.

"Mo sọ fún wọn pé mi ò yà."

"Ẹ ò yà, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Yìnyín tí wọ́n kọ síbí pé ẹ ò yọ, báwo ló ṣe jìn tó?"

"Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínlógún."

Ọkùnrin náà ya àtàǹpàkò àti ìka kékeré rẹ̀ sọ́tọ̀, ó wo àárín wọn. "Kò ju èyí lọ?"

"Kò jù ú lọ, sà."

Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì bú u. Ó tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó gbé sípánà lé e kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ.

"Ìyàwó mi náà rò pé mo yà," ló wí. "Kò sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó rò ó. Ó máa tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún un."

Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Obìnrin náà jókòó sórí rẹ̀, ó gbé báàgì lé itan, ó sì dojú kọ ẹnu ọ̀nà.